Ẹ Má Kó Èérún Àgbàdo Sínú Oúnjẹ Ẹlẹ́dẹ̀ Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Lọ Fíìdì ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìlọ oúnjẹ ẹran, láti Mowo títí dé Àjárà, àti ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta àgbàdo ní ọjà Àgbálátà, ẹ kú òwò, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀wọ́n epo dísù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí sójú. Èmi ni dókítà ẹran tó máa ń gun ọ̀kadà wá bi yín léèrè irú àgbàdo tẹ́ ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé, "Dókítà, ẹ tún ti dé." Mo tún ti dé náà nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tòní dé etí gbogbo èèyàn ni, torí tí a bá ń sọ ọ́ láàárín ara wa nìkan lábẹ́ ibòòji ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ náà ló máa ń parí sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Àgbàdo tẹ́ ẹ bá jọ̀, ẹ má kó ohun tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ajọ̀ sínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ohun tí mò ń wí: èérún, hóró tó ti fọ́, ìyẹ̀fun tí kòkòrò gbẹ́ jáde, èyí tó ti dúdú àti èyí tó ti bu. Níbi púpọ̀ tí mo ti dúró wo iṣẹ́ yín, hóró tó mọ́ lẹ máa ń lọ fún ẹni tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, torí onítọ̀hún á tú àpò rẹ̀ wò, bí ẹyin bá sì dín lọ́jọ́ kejì, á pariwo dé ẹnu ọ̀nà yín. Èérún yẹn lẹ máa ń rọ sínú àpò àlòkù, ẹ ó so ó, ẹ ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ó máa retí ẹlẹ́lẹ́dẹ̀. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé fíìdì gidi ló ń rà á, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun rí àǹfààní. Bí mo bá bèèrè ìdí, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹlẹ́dẹ̀ ṣáà ni. Kí ni ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ?"

Òótọ́ ni pé kò sóhun tí kì í jẹ. Ohun tí ó bá jẹ náà ló sì ń pa á.

Orúkọ májèlé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni fumonisin. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, irú ohun tó ń mú kí nǹkan bu, tó ń jẹ́ Fusarium ló ń ṣe é sára àgbàdo. Kì í ṣe inú ilé ìkẹ́rù yín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, inú oko ni. Kòkòrò tó ń lu ìtì àti ṣùkù àgbàdo ló ń lànà fún un, ó sì tún máa ń gba inú irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo wọlé. Ó lè wà nínú hóró tó funfun, tó ń dán, tí kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀, ìdí nìyí tí ojú lásán ò fi lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ sí jù ni hóró tó fọ́ àti èérún. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé èyí tó wà nínú èérún lè tó ìlọ́po 10 èyí tó wà nínú hóró tó pé. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá jọ àgbàdo fún ẹni tó ń sin adìyẹ, ẹ ti bá a yọ májèlé kúrò láìmọ̀. Ibi tẹ́ ẹ wá gbé májèlé náà lọ ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láyé. Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí sórí àgbàdo, wọ́n fi bọ́ oríṣiríṣi ẹran, omi sì kún ẹ̀dọ̀fóóró àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó wà níbẹ̀. Wọn ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1988 ni wọ́n tó fa májèlé náà yọ, tí wọ́n sọ ọ́ ní fumonisin. Ọdún kejì rẹ̀ ni àgbàdo tí wọ́n kórè ní Amẹ́ríkà dá wàhálà sílẹ̀: ẹṣin ń ya wèrè kó tó kú, ẹlẹ́dẹ̀ ń mí gúlegúle, ó ń ṣubú. Nígbà tí wọ́n máa wádìí ohun táwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn jẹ, èérún àgbàdo ni wọ́n ń bá lọ́pọ̀ ibi, èyí tí wọ́n jọ̀ kúrò lára àgbàdo tó mọ́. Ohun tó wà nínú àpò tẹ́ ẹ gbé ti ògiri yẹn gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú fún yín, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì dúró nínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bàbá kan lójú ọ̀nà Ibereko ra fíìdì tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó sanra jù, àwọn tó máa ń ti àwọn yòókù kúrò nídìí ọpọ́n oúnjẹ, ti la ẹnu sílẹ̀, wọ́n na ọrùn síwájú, ìhà wọn ń ró sókè-sódò, etí àti imú wọn sì ti ń dúdú bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bàbá náà ti pe ẹnì kan tó máa ń gún ẹran lábẹ́rẹ́ kiri kó tó pè mí, ìyẹn sì ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ ikọ́. Mo ki tẹmómítà bọ̀ wọ́n nídìí, ara wọn ò gbóná. Àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú nínú yàrá kejì ń sáré kiri, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àwọn tó la ẹnu sílẹ̀ fi kú.

A la ọ̀kan. Bí ọ̀bẹ ṣe wọ inú àyà báyìí ni omi tú jáde, omi tó mọ́, tó ní àwọ̀ ìyeyè, ó pọ̀ débi pé a ní láti fi agolo gbọ́n ọn. Ẹ̀dọ̀fóóró tó yẹ kó wálẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ò wálẹ̀. Ó wúwo, ó tutù, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi ò kúrò níbẹ̀. Àwọn ilà tó pín in sí wẹ́wẹ́, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ti fẹ̀ gbàràmù, omi ló kún inú wọn. Ìfófòó ló wà nínú ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọkùnrin bàbá náà tó di ẹsẹ̀ ẹran mú fún mi ní, "Dókítà, ṣé inú odò ló kú sí ni?"

A kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ àti ọlọ inú rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà (African swine fever), ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe nìyẹn. Kì í ṣe òun. Orí ló bá wa ṣe é pé fíìdì díẹ̀ ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àpò tí a fi lè ṣe àyẹ̀wò, fumonisin tó wà nínú rẹ̀ sì ju ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ lè gbé lọ. Mi ò ní sọ ibi tó ti ra fíìdì náà, ẹ má ronú kan ara yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ nìyí: ẹ̀dọ̀fóóró la rí omi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ni májèlé náà mú. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois ló ṣe iṣẹ́ tó là wá lójú. Ara ẹlẹ́dẹ̀, àti ara tiwa náà, ní àwọn ọ̀rá kan tó fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì. Fumonisin jọ ohun tí ara fi ń ṣe ọ̀rá yìí débi pé ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó wà nídìí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Àwọn ohun tí kò wá rí iṣẹ́ ṣe mọ́, sphinganine àti sphingosine lorúkọ wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ọkàn. Ẹran ọkàn kì í sì í ṣàdédé lù. Calcium ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kó tó lè súnkì kó tari ẹ̀jẹ̀. Sphingosine tó kó jọ yìí ló ń dí ẹnu ọ̀nà tí calcium ń gbà wọlé. Ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n kò lágbára, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóóró ò wá rí ẹni gbà á bó ṣe yẹ. Ẹ wo ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró níwájú: kò sóhun tó ṣe títì, síbẹ̀ ọkọ̀ á tò dé ẹ̀yìn, àwọn kan á sì máa yà wọ inú koríko. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fún mọ́ ara rẹ̀ nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóóró, tí omi ara rẹ̀ á máa jò jáde sínú ibi tó yẹ kó jẹ́ ti afẹ́fẹ́, àti sínú àyà. Ẹlẹ́dẹ̀ á rì sínú omi ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ ikọ́ kì í fi í ràn án. Kò sí kòkòrò àrùn tí abẹ́rẹ́ máa pa níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ̀ kan pàtó fún májèlé náà. Ọjọ́ mẹ́rin sí méje lẹ́yìn tí fíìdì tó burú jáì bá ti wọlé ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí mímí bá ti dà bẹ́ẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló kù. Èyí tí kò bá kú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, oyún sì lè bàjẹ́ lára ìyá ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Fíìdì tèmi ò pa ẹlẹ́dẹ̀ rí." Ó lè jẹ́ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni májèlé yìí máa ń pọ̀ tó èyí tó ń pa ẹran láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rí i, ni èyí tó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kéré, tí ẹran ń jẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ń mú kí ògiri iṣan tó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró nípọn. Ó tún ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóóró, àwọn tó máa ń gbé kòkòrò àrùn mì, di ọ̀lẹ. Kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Pasteurella àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti wà nínú imú ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá ráyè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ ń rí ò ju ikọ́ tí kì í lọ, ẹran tó ń jẹun tí kò ga, àti owó abẹ́rẹ́ tí kò tán. Ó ti ra àpò mẹ́ta ní owó tó rọjú lọ́dọ̀ yín, ó wá lọ san ìyókù ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran. Ìyẹn kì í pe ẹnikẹ́ni wá sí ṣọ́ọ̀bù yín wá jà, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ wá wo bí ètò tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé ṣe dorí kodò. Lọ́dún 2001, àjọ FDA, àwọn tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìmọ̀ràn kan jáde lórí ìwọ̀n fumonisin tó lè wà nínú oúnjẹ ẹran. Nínú gbogbo oúnjẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ, wọ́n ní kó má ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan. Ti adìyẹ tí a ń sin fún ẹran jẹ́ 50. Àwọn ará Yúróòpù le jù wọ́n lọ: 5 fún ẹlẹ́dẹ̀, 20 fún adìyẹ. Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà wò ó, ara adìyẹ gba fumonisin ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀yin wá ń jọ àgbàdo fún ẹni tó lè gbé e, ẹ ń kó ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹni tí kò lè gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní kí ẹ wá da èérún náà sínú oúnjẹ adìyẹ o! Aflatoxin, májèlé fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀, tún lè wà nínú èérún kan náà, ìyẹn ò sì yọ adìyẹ sílẹ̀. Lọ́dún 1960, ó pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ara àkàrà ẹ̀pà tí wọ́n fi bọ́ wọn.

Mo ti gbọ́ àwọn àwíjàre yín, n ó fèsì sí wọn níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mi ò fetí sílẹ̀.

Ẹni tó ní òun máa ń sá a sóòrùn, ó ṣe é re, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láàyè ò ní lè máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n májèlé tó ti ṣe sílẹ̀ ò bá omi gbẹ. Ẹni tó ní ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ máa ń sè é kó tó fún ẹran, fumonisin kì í kú nínú omi tó ń hó. Díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ìyá ológì pé kí wọ́n má da omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo tó ti bu fún ẹlẹ́dẹ̀ mu. Ẹni tó ń dà á pọ̀ mọ́ àgbàdo tó dáa, ó kàn pín ikú náà kárí ọ̀pọ̀ àpò ni.

Toxin binder, ohun tí ẹ ń pò mọ́ fíìdì kó lè di májèlé mú, lèyí tí mo máa gùn sórí rẹ̀ díẹ̀, torí òun lẹ fọkàn tán jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á ń náwó, mo sì mọrírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà fún yín, amọ̀ ni. Amọ̀ máa ń di aflatoxin mú dáadáa nínú ìfun ẹran. Ọwọ́ tó fi ń mú fumonisin ò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ara ike rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: májèlé wo ni wọ́n dárúkọ? Tí "mycotoxin", ìyẹn májèlé fọ́ńgọ́ọ̀sì, lásán bá ni wọ́n kọ, ẹ bi ẹni tó ń tà á kó fi èyí tó kan fumonisin hàn yín. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń gé fumonisin sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti gbà á láyè ní Yúróòpù, àmọ́ mi ò tíì bá a lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kankan ládùúgbò wa. Bákan náà ni Aflasafe tí àwọn IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, bá wa ṣe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sínú oko. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n aflatoxin ló wà fún.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, torí òun ló ń bo èyí mọ́lẹ̀. Àwa ará Àgbádárìgì ò lè gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 1997 tí àrùn náà ti orílẹ̀-èdè Benin wọlé, ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ló kọ́kọ́ fara gbá a. Lọ́dún 2020, bí àrùn náà ṣe pa ẹran àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ Òkè-Àró kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu sọ lásán. Kò sóògùn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́ sí wa. Àmọ́ ẹ̀rù náà ti pọ̀ débi pé kí ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ṣáà ti kú, àrùn yẹn náà ni. Ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ á sáré pe alápatà mọ́jú, á ta ìyókù ní ìdajì owó, kò ní jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Tó bá jẹ́ àrùn náà lóòótọ́, ó ti gbé e dé ọjà. Tó bá jẹ́ fíìdì ni, àpò fíìdì náà ṣì wà nílẹ̀, ó máa gbé e fún àwọn tó bá tún rà tàbí kó fún aládùúgbò. Ara ẹran tí àrùn yẹn bá mú sábà máa ń gbóná gan-an, etí àti ikùn rẹ̀ á pọ́n. Èyí tí fumonisin ń pa kì í sábà ní ibà, mímí ni wàhálà rẹ̀, àwọn tó jẹun jù ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì yìí nìkan dá ẹjọ́. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì mú fíìdì pẹ̀lú. Mímú fíìdì yẹn la kì í ṣe.

Ìdí tí a kì í fi í ṣe é nìyí: nígbà tí wọ́n bá fi máa pè mí, fíìdì ti tán. Mo dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní àpò àgbàdo yẹn ti lọ. Nítorí náà, mo tún fẹ́ bẹ̀ yín lọ́nà kejì. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá po fíìdì tuntun, ẹ bù tó kílò kan kúrò nínú rẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi, kì í ṣe láti orí nìkan, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í tàn kárí dọ́gbadọ́gba. Ẹ dì í sínú ìwé tàbí àpò kékeré, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára àti ibi tí àgbàdo rẹ̀ ti wá, ẹ gbé e síbi gbígbẹ fún bí oṣù kan. Kò ná yín ní nǹkan. Ó máa gba ẹ̀yin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá kígbe pé fíìdì yín ló pa ẹran òun, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe òun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìwé àyẹ̀wò pélébé wà tó ń fi fumonisin hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó rẹ̀ lè wúwo fún ẹnì kan, àmọ́ tí ẹ̀yin márùn-ún tàbí mẹ́fà bá dáwó jọ, ó ṣeé ṣe, èmi náà á bá yín lò ó.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Àgbálátà, mi ò gbàgbé yín. Mo mọ̀ pé àgbàdo tó ń wá láti ọ̀nà Ipokia àti Ilaro ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, òjò ni wọ́n fi ń ká a. Wọ́n á yin ín tútù, wọ́n á sá a sójú títì ọ̀dà, òjò á dé, wọ́n á fi tapólì bò ó lójijì, tí ooru á sì máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e sínú àpò, ẹ ò sì fẹ́ kó fúyẹ́, torí ìwọ̀n lẹ fi ń tà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú àgbàdo kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín. Ẹ fi iyọ̀ ṣe é. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ti ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má tíì kó o pa mọ́. Nǹkan bí ìdá 13 ló yẹ kó wà kó tó wọ ilé ìkẹ́rù. Ẹ má gbé àpò lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ògiri. Ìyẹn ò ní yọ fumonisin tó ti inú oko bọ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ kí aflatoxin máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Àgbàdo kan náà lẹ̀ ń tà fún ẹni tó ń se ògì àti ẹ̀kọ. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kọ fumonisin sínú àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fà á fún èèyàn, ti aflatoxin ni wọn ò tilẹ̀ fi "ó ṣeé ṣe" kún rárá.

Nípa owó, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Tí èérún bá di ohun tí ẹ ń dà nù, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù rẹ̀, torí ẹ ti fi owó gidi rà á mọ́ àgbàdo. Ẹ jẹ́ kí iye tẹ́ ẹ máa ra àgbàdo ti ọwọ́ ẹni tó kó o wá wà ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe mọ́ tó. Ẹ jọ àpò kan lójú rẹ̀, kí ẹ jọ rí ohun tó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó dúnàádúrà. Ìyókù rẹ̀, ẹ fi kún owó fíìdì. Ẹ̀yin ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ ń ka lẹ́tà yìí tẹ́ ẹ sì ń mi orí, owó kékeré tẹ́ ẹ ń san ló bí èérún. Ẹ ò lè máa bèèrè fún èyí tó rọjú jù lọ́jọ́ Ajé, kẹ́ ẹ wá máa bèèrè fún èyí tó mọ́ jù lọ́jọ́ tí ẹran bá kú. Àwọn tó ń fi ìdọ̀tí indomie, èèpo gbágùúdá, èérí ọtí àti PKC (èérí ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀) sin ẹlẹ́dẹ̀ láì fi àgbàdo púpọ̀ sí i náà ń rí ẹran tó dáa tà, níwọ̀n ìgbà tí àwọn yẹn náà ò bá ti bu.

Ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ ń dúró nídìí ẹ̀rọ, eruku èérún yẹn lẹ̀ ń fà símú láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wúkọ́. Ẹ fi nǹkan bo imú yín.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ńkọ́? Ẹ má fi ta ewúrẹ́ lọ́rẹ, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń sin ẹja, FDA gbé ẹja àrọ̀ sí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran àti koríko, ẹ bò ó kí adìyẹ má bàa tú u, kó jẹrà di ajílẹ̀. Tí ẹnì kan bá dé lọ́la tó ní kí ẹ ta á fún òun ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sọ fún un pé dókítà ní kò sí títà. Kó wá bá èmi jà.

Èmi ni tiyín,
Dókítà ẹran yín ní Àgbádárìgì